Ká tó pe owó èlé ní ìrànwọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

À ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa lò fún ètò ojú ọjọ́. Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ká máa pe owó tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó ń gbé kalẹ̀ fún sólà, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àti irú wọn nílẹ̀ àwa tí nǹkan ò tíì ṣẹnuure fún ní "ìrànwọ́ àgbáyé fún ìdẹ̀kùn ojú ọjọ́". Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, n ò fara mọ́ ọn.

Ká kọ́kọ́ mú "ìdẹ̀kùn". Ẹni tí ara ń ni ló ń wá ìdẹ̀kùn. Ẹni tó ń la gọ́tà de omíyalé, tó ń gbin àgbàdo tó lè fara da ọ̀dá, ọ̀rọ̀ náà bá tirẹ̀ mu. Èyí tí à ń sọ níbí ni kí èéfín tí à ń tú sókè dín kù. "Ìdínkù èéfín" tó mi. Ẹnìkan á ní gáàsì tí màlúù ń gùnfẹ̀ jáde kì í ṣe èéfín. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ta lójú ti mọ ohun tí à ń wí.

"Ìrànwọ́" gan-an nìjà mi. Ẹ wo Komati ní Mpumalanga, Gúúsù Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi èédú ṣe iná mànàmáná tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ibùdó náà pa ní oṣù kẹwàá 2022. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 497 dọ́là kí wọ́n fi sọ ibẹ̀ di ti sólà, afẹ́fẹ́ àti bátìrì. Ẹ bá mi tú u: mílíọ̀nù 439.5 jẹ́ ẹ̀yáwó báńkì náà, 47.5 jẹ́ ẹ̀yáwó eléèlé kékeré láti inú àpò kan tí Kánádà dá. 10 péré ni ọrẹ. Eskom, iléeṣẹ́ iná ìjọba Gúúsù Áfíríkà, ni yóò san ìyókù. Nílé níbí náà, mílíọ̀nù 750 dọ́là tí báńkì yìí kan náà fọwọ́ sí fún Nàìjíríà ní oṣù kejìlá 2023 fún iná sólà, gbèsè ni. Ta ló ń gba owó èlé tó ń pè é ní ìrànwọ́? "Owó ìdínkù èéfín" ni kí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́, ká sì sọ èyí tó jẹ́ ọrẹ àti èyí tó jẹ́ ẹ̀yáwó.

Ẹni tó ní ká pè é ní "owó gbà-máà-bínú" múnú mi dùn, torí àwọn orílẹ̀-èdè olówó ló kọ́kọ́ jó èédú. Àmọ́ àwọn tó ń san án kò gbà bẹ́ẹ̀. Níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Paris lọ́dún 2015, kódà lórí àdánù tí ojú ọjọ́ ń fà, wọ́n kọ ọ́ sínú ìpinnu wọn pé ẹnikẹ́ni ò lè tìtorí rẹ̀ béèrè owó ìtanràn.

Ó ku "ìfiránṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ", ìyẹn kí àwọn olówó fún wa ní ẹ̀rọ àti ìmọ̀ rẹ̀, èyí tí àdéhùn àgbáyé lórí ojú ọjọ́ tọdún 1992 ti là sílẹ̀ fún wọn. Ẹrù là ń fi ránṣẹ́. Àwọn ọmọ tó ń ṣe sólà ládùúgbò wa mọ bí wọ́n ṣe ń kan páńẹ́ẹ̀lì mọ́ òrùlé, wọ́n sì lè tú ínfátà palẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe, síbẹ̀ China la ti ń kó páńẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ wá. "Ìkọ́niníṣẹ́ ẹ̀rọ" ni mo dábàá. Níbi tó bá ti jẹ́ pé wọ́n kàn tà á fún wa ni, ká kọ "títa ẹ̀rọ".

Irú ẹ̀yáwó Kánádà yẹn ni mi ò tíì rí orúkọ kúkúrú fún. "Owó èlé ojú àánú" ló ń wá sí mi lẹ́nu. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó jọ̀wọ́ mú un wá.