"Àjọrọ" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "àsopọ̀"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Ẹ dábàá pé kí a máa pe lẹ́tà méjì tí wọ́n ṣe ní ẹyọ kan fún ìwé títẹ̀ ní "lẹ́tà àsopọ̀". Ẹ má bínú, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ewúrẹ́ méjì tí wọ́n so pọ̀ lọ́jà Ọba níbí ní Òṣogbo, méjì náà ni wọ́n. Ẹ tú okùn, kálukú a gba ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn olùkọ́ sì ti fi ọ̀rọ̀ yẹn pe "àti" pẹ̀lú "ṣùgbọ́n": ọ̀rọ̀ àsopọ̀.

Ohun tó bí i ni kí a wò. Nígbà tí wọ́n ń fi òjé ṣe lẹ́tà ìtẹ̀wé, orí "f" máa ń yọ kọjá irin tó gbé e dúró. Bí "i" bá tẹ̀ lé e, orí yẹn á kọlu àmì kékeré orí "i", ó sì lè kán. Ni wọ́n bá ń ṣe "fi" ní irin kan ṣoṣo. Irú wọn pọ̀ nínú Bíbélì tí Gutenberg tẹ̀ ní Mainz, nílẹ̀ Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1455, torí wọ́n ń jẹ́ kí ìlà gún régé. Alágbẹ̀dẹ ń rọ ọkọ́, a sì ń rọ epo sínú ìgò. Òjé yíyọ́ gba "rọ" méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "lẹ́tà àjọrọ".

"Gb" ńkọ́? Ìró kan ni, ṣùgbọ́n lójú ìwé, g dá dúró, b dá dúró. Ojú la fi ń mọ àjọrọ, kì í ṣe etí. Láámù-álíífù, lẹ́tà Lárúbáwá méjì tí àwọn ọmọ ilé kéwú ń kọ ní ẹyọ kan, àjọrọ gidi nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Nínú "fi", "fl" àti "ff" tí àwọn òyìnbó ń jọ rọ, "fi" nìkan ló wúlò fún wa, nítorí kóńsónáǹtì kì í tẹ̀ léra lédè wa. Odindi ọ̀rọ̀ sì ni lẹ́nu wa! Àmọ́ bí àmì ohùn bá ti gorí i, àjọrọ a pòórá. Mo rí i nínú ìwé ètò ìsìnkú kan lọ́dún tó kọjá: àmì ohùn ìsàlẹ̀ "fìlà" wọnú orí f pátápátá, torí apá òsì ni àmì yẹn ti ga jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya lẹ́tà fún kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe àjọrọ "fì" àti "fí".