Ẹ gbà mí o, mọ́tò wo ni kí n rà? Mọ́ńdè ni mò ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

Àkànmú_Tuntun: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, iṣẹ́ ti dé, Mọ́ńdè ni wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì jìn. Owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Mọ́tò tí kò ní máa dààmú mi tí kò sì ní máa jẹ epo ni mò ń wá. Ẹ ṣáà máa dárúkọ, mò ń kà á.

Báńdélé04: Corolla. Ó parí.

Ọ̀gá_Sípánà: Báńdélé, Corolla wo? Èyí tó jáde ní 1998 sí 2002, ọ̀pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì wọn tí wọ́n ń pè ní 1ZZ ló ń jẹ ọ́ìlì, ríìngì písítìnnì wọn ló máa ń dí. Bóo bá fẹ́ sọ pé 2003 sí 2008, sọ ọ́ kó yé ọmọ ọlọ́mọ. Ìwọ Àkànmú, owó tí kò pọ̀ yẹn, èló ni? Jíà ọwọ́ àbí ọ̀tọ̀mátíìkì? Ọ̀nà ibẹ̀ ńkọ́, ó dáa?

Ìyá_Ìbejì: Yéè, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí ti tún fọwọ́ kan egbò mi. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, mi ò ní dárúkọ mọ́tò náà. Àkọ́rà mi ni, ó ń dán bí idẹ, mo wo ṣíìtì mo wo AC mo wo rédíò, bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ni mi ò ṣí, ẹni tó tà á fún mi ti sítáàtì ẹ̀ kí n tó débẹ̀, ó ní òun ń bá mi mú un gbóná ni, mo tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀! Àṣé tó bá tutù ló máa ń rú èéfín búlúù. Oṣù kejì, ọ́ìlì ti gbẹ mi ò mọ̀, iná pupa kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo ní tí mo bá délé màá wò ó. Ilé wo? Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà, nínú òjò, ọmọ méjì lẹ́yìn mọ́tò, ọ̀kan ń sunkún ìkejì ń tì í lẹ́yìn. Àkànmú má ra nǹkan kan o!!! Wọ bọ́ọ̀sì.

Déwùmí_R: Hà, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣé ẹ rí ẹni yẹn mú?

Ìyá_Ìbejì: Fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ajé_Ń_Bọ̀: Ẹ má bínú mà, ṣùgbọ́n ta ní ń wakọ̀ lọ nígbà tí iná pupa ń tàn? Ẹ̀bi ẹni tó tà á kọ́ nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì: Ṣé wọ́n bí ẹ mọ́ iná dáṣíbọ́ọ̀dù ni?

Déwùmí_R: Ajé fi màmá sílẹ̀ jàre. Èmi náà ra èyí tí omi ti wọ̀ rí, ṣíìtì tuntun ni wọ́n fi bò ó, ìgbà tí mo fa bẹ́líìtì ìjókòó dé ìpẹ̀kun ni mo rí ẹrẹ̀ gbígbẹ lára ẹ̀.

Ajé_Ń_Bọ̀: Òótọ́ ni mo sọ. Kì í ṣe èébú.

Ọlọ́kọ̀_Jẹ́jẹ́: Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀. Civic ni kó rà, Corolla ti ń súni.

Báńdélé04: Ó ń súni ṣùgbọ́n ó ń gbéni délé.

Ọ̀gá_Sípánà: Civic 2006 sí 2009 tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8, bulọ́ọ̀kù àwọn kan, irin ara ẹ́ńjìnnì gan-an, máa ń sán, omi ráídétọ̀ á máa jò níbẹ̀. Honda fúnra wọn ló fi ọdún kún wáráńtì ẹ̀ nítorí ìyẹn. Mi ò ní kó má rà á, kó wo ibẹ̀ dáadáa ni.

Ọmọ_Olóore: Àkànmú ẹ kú oríire iṣẹ́ o. Kí lẹ kà ní yunifásítì gan-an? Àbúrò mi náà ń wáṣẹ́.

Ọ̀gá_Sípánà: Àkànmú gbọ́, orúkọ mọ́tò kọ́ ni gbogbo ẹ̀, bí wọ́n ṣe lò ó ló jù. Àárọ̀ kùtù ni kóo lọ, kóo sọ fún wọn pé kí ẹnì kankan má sítáàtì ẹ̀. Fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó bá ti gbóná, béèrè ìdí. Fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ kóo wò ó. Wàyí o, sítáàtì, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn níbi sàlẹ́ńsà: búlúù, ọ́ìlì ló ń jó, funfun tó nípọn tí kò lọ, omi ti ń wọnú ẹ́ńjìnnì, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn, dúdú, epo ló pọ̀ jù. Ọ́ìlì jíà tó bá ti dúdú tó ń rùn bí nǹkan tó jó, máa lọ sílé. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló wà nínú nọ́ńbà ṣáásí, tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún, 8 ni 2008, A ni 2010, kí wọ́n má pe àgbà ní ọmọdé fún ẹ. Tó bá jẹ́ 1996 sókè tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, ojú ihò tí wọ́n ń ki sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àléébù mọ́tò, bọ̀ wà lábẹ́ sítíárìn, mú ẹni tó ní in dání. Má sì kó gbogbo owó ẹ lé mọ́tò, táyà àti sáfíìsì ń dúró dè ẹ́.

Báńdélé04: Ọ̀gá ti kọ ìwé.

Ọlọ́kọ̀_Jẹ́jẹ́: Ẹni tó ni in ò tiẹ̀ fèsì. Àkànmú dà?

Àkànmú_Tuntun: Mo wà ńbí o, ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti rà á láàárọ̀ yìí. Kì í ṣe Corolla kì í ṣe Civic, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹ̀ níbí. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló tà á, ó ní ẹlòmíì ń bọ̀ lọ́sàn-án mo bá yára sanwó. Funfun ni, ó mọ́ tónítóní. Ó tiẹ̀ ti bá mi sítáàtì ẹ̀ kí n tó débẹ̀, èèyàn dáadáa. Ìbéèrè kan ló kù: iná kan ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù báyìí, ó pupa, ó rí bíi kẹ́tù tí omi ń kán lẹ́nu ẹ̀. Kí nìyẹn?

Ìyá_Ìbejì: Jésù.

Ọ̀gá_Sípánà: PA Á. Ibi tóo bá wà, pa á. Má sítáàtì ẹ̀ mọ́. Dúró díẹ̀, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, nù ún, tì í bọ ihò ẹ̀ padà, tún fà á yọ, sọ ibi tí ọ́ìlì dé fún mi.

Àkànmú_Tuntun: Mo ti pa á sà. Ọ̀pá wo?