Ọ̀pá tí mo fi ń wọn aṣọ ní Ìtòkú

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ìrírí àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi lórí ohun tó yí padà láyé wọn nígbà tí wọ́n di àtúnbí. Ẹnìkan fi ọtí sílẹ̀, ẹnìkan kó oògùn ilé rẹ̀ dànù. Èmi ò mutí rí, n kò sì ní oògùn nílé. Inú ìjọ ni wọ́n bí mi sí, wọ́n ṣèrìbọmi fún mi ní kékeré, ọdún 11 ni mo sì fi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọ̀pá kan ni Olúwa bá mi jà lé lórí.

Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń ta àdìrẹ, ìyá mi ló fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Yáàdì 5-5 ni mo ń gé e tà. Íńṣì 36 ló yẹ kí yáàdì kan jẹ́. Ọ̀pá tèmi, íńṣì 34 ni. Mo fún káfíńtà lówó kó bá mi gé e, ó fi sáńpépà dán an títí ojú ayùn kò fi hàn mọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: íńṣì 10 ló ń dín lára aṣọ kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ta 18, mo ti jí odidi aṣọ kan. Nínú owó yẹn ni mo ti ń yọ ìdámẹ́wàá, mo sì máa ń dúró níwájú ìjọ jẹ́rìí pé Olúwa ń bù sí i fún mi. Títí di òní, ara mi máa ń bù máṣọ bí mo bá rántí àwọn ẹ̀rí wọ̀nyẹn.

Ẹni ọdún 46 ni mí nígbà tí mo jáde síwájú níbi ìsọjí kan, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Mo sunkún. N kò ṣe é fún ojú ayé, mo mọ̀ pé Jésù gbà mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo gbàdúrà, mo na ọwọ́ mú ọ̀pá mi ní kọ̀rọ̀, mo wọn aṣọ fún oníbàárà. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n kó wa sí kíláàsì onígbàgbọ́ tuntun, èmi àti àwọn tí mo bí lọ́mọ. Ojú ń tì mí. Olùkọ́ wa rí i. Ó ní Nikodémù náà bi Jésù lóru pé báwo ni wọ́n ṣe lè tún àgbàlagbà bí, ó ní Abẹ́òkúta yìí gan-an lòun ti rí ìdáhùn. Ó wá sọ ti ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther fún wa: ọdún 1821 ni wọ́n kó ọmọ náà lẹ́rú ní Òṣoògùn, ọdún 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tó fojú kan ara wọn nílùú wa níbí, nígbà tó di 1848, ìyá náà ṣèrìbọmi, ó ń jẹ́ Hannah. Ìtàn yẹn tù mí nínú gan-an. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ṣí Lúùkù 19, ti Sákéù, agbowó orí tó ní òun máa dá ohun tí òun fi èrú gbà padà. Èyí kò tù mí nínú.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni oníbàárà mi kan dé láti Ìjẹ̀bú Òde. Tíṣà ni. Ó ti ra aṣọ 12 lọ́wọ́ mi tí ẹbí wọn fẹ́ fi ṣe òkú ìyá wọn. Ó ní aṣọ kò tó fún àwọn tó sanra, òun fẹ́ yáàdì 2 kún un. Mo rò pé ìjà ló bá dé. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, télọ̀ wa ló jí nínú rẹ̀. Ogún ọdún ló ti ń ránṣọ fún wa, ẹ wo ohun tó ṣe fún wa nínú ọ̀fọ̀. A ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.” Mo gba owó yáàdì 2. Ọ̀pá yẹn náà ni mo fi wọ̀n ọ́n fún un.

Lálẹ́, mo kúnlẹ̀, mo ní “Bàbá”, ọ̀rọ̀ tán. Télọ̀ tí n kò rí rí ni mo ń rí. Mo dìde, mo tẹ́ aṣọ kan sílẹ̀ ní pálọ̀, mo fi tépù wọ̀n ọ́n. Íńṣì 170. Mo tún un wọ̀n bí ẹni tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, mo pe tíṣà náà. Mo ní kì í ṣe télọ̀, èmi ni. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ìlà ti já. Ìlọ́po mẹ́rin ni Sákéù lóun máa san. Agbára mi kò gbé e, aṣọ 2 àti owó yáàdì 2 yẹn ni mo dì mọ́wọ́, mo wọ mọ́tò ní Kútọ̀. Èmi àti tíṣà la jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ náà. Àgbàlagbà ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bẹ lórí ẹ̀rọ. Mo kúnlẹ̀ sórí àwọn ègé aṣọ tó wà nílẹ̀, mo sọ ọ́. Kò dúró. Ó rán ìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìparí, ó fi eyín já òwú, ó wá ní, “Oníbàárà mẹ́rin ló ti tẹ̀lé wọn kúrò lọ́dọ̀ mi, ìyá. Ta ló máa bá mi débẹ̀?” Àwa méjèèjì la bá a lọ. Ilé mẹ́ta gbà wá wọlé, ẹnì kẹrin kò ṣílẹ̀kùn. Tíṣà náà kò ra aṣọ lọ́wọ́ mi mọ́, n kò sì dá a lẹ́bi.

Àwọn kan máa ń sọ pé bí èèyàn bá ti di àtúnbí, ó parí náà nìyẹn. N kò gbà. Mo fi ọ̀pá yẹn dáná, òmíràn tó pé íńṣì 36 ló wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, mo sì máa ń na tépù sí oníbàárà kó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí bóyá aṣọ ń ṣí, èmi tí mo máa ń búra tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ pé kí wọ́n fọ eléyìí lọ́tọ̀, aró rẹ̀ yóò jáde. Ẹlòmíì á gbé e sílẹ̀, á kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ó ń dùn mí lójoojúmọ́. Owó ilé ìwé àbíkẹ́yìn mi pẹ́ ní sáà tó kọjá, ọkọ mi sì bi mí bóyá èmi nìkan ni Kristẹni ní Ìtòkú. N kò rí èsì fún un.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an rèé. Ọmọbìnrin kan kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi fún ọdún 3, ó ti ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, ó ń tajà ní Pánṣẹ́kẹ́. Mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú ọ̀pá rẹ̀ wò. Íńṣì 34. Ara tèmi ló ti wọ̀n ọ́n gé. Mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́, ó ní, “Mọ́mì, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti kọ́lé kí ẹ tó fi tiyín dáná.”

Mo ti gbààwẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tí irú èyí ti kàn rí, kí lẹ sọ fún ọmọ yín?