Òòfà BaFe₂As₂: kọ̀ǹpútà mi ní 2, neutron ní 0.9

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. BaFe₂As₂ (èròjà barium, irin àti arsenic) ni mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí fún másítàsì. Òru ni mo máa ń ṣe ìṣirò rẹ̀ ní Àgbowó níbí, tí iná bá wà. Agbára òòfà tí DFT (ìlànà tí a fi ń ṣírò ìwà ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lórí kọ̀ǹpútà) ń fún mi lórí átọ́ọ̀mù irin kọ̀ọ̀kan sún mọ́ 2 Bohr magneton (ìwọ̀n tí a fi ń wọn òòfà átọ́ọ̀mù), àmọ́ nǹkan bíi 0.9 ni àwọn tó ta neutron (èérún inú átọ́ọ̀mù) lù ú láti wọ̀n ọ́n rí. Mo fi k-point (àwọn ojúàmì tí ìṣirò ń kà) kún un, mo pààrọ̀ pseudopotential (àfidípò fún agbára inú átọ́ọ̀mù), ibi tó wà náà ló wà. Nígbà tí mo wá yọ òòfà kúrò nínú ìṣirò pátápátá, ńṣe ni arsenic sún mọ́ ìpele irin ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n gbà gbọ́?

Bàbá Láàbù:
Ọmọ mi, ìṣirò rẹ ò ní àbùkù. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ láti 2008, lọ́dún tí Hosono àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tokyo fi fluorine sínú LaFeAsO, èròjà irin àti arsenic mìíràn, tó fi di superconductor (ohun tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà) ní 26 K (K ni kelvin, ìwọ̀n ooru àti òtútù). LaFeAsO tí wọn ò fi nǹkan kan sí, 0.36 péré ni neutron kọ́kọ́ rí níbẹ̀. Tìrẹ ṣì sàn.

Òòfà irin yìí kì í dúró sójú kan. Tí ó bá ti tutù kọjá nǹkan bíi 140 K, yóò tò ní ìlà-ìlà, ìlà kan á kọjú síbí, èyí tó tẹ̀ lé e á kọjú sọ́hùn-ún. Síbẹ̀ ó ń mì. Bí jangirọ́fà bá ń lọ tó ń bọ̀, tí o ro gbogbo ipò rẹ̀ pọ̀ tí o pín in, àárín ni yóò bọ́ sí. Apá tó dúró nìkan ni neutron kà nínú ìdánwò yẹn. DFT ní tirẹ̀ gbá a mú, kò jẹ́ kó mì rárá, ni iye rẹ̀ fi ga.

Ohun tí o rí lára arsenic gan-an ló wù mí jù. Òòfà ńlá tó wà lára irin ló ń ti arsenic sókè, ibi yòówù kó kọjú sí. Kọ orí kan lọ́tọ̀ lé e lórí.

Aṣọ́nà Mọ́kọ́lá:
Bàbá ti sọ ọ́. Kí n kàn fi kún un pé X-ray emission (wíwo ìtànṣán X tí irin ń tú jáde) yára ju mímì yẹn lọ, ó sì rí òòfà lára irin kódà nínú ooru yàrá lásán, níbi tí ìtò ìlà-ìlà ti túká. Má fi U (àfikún fún bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń ti ara wọn) kún DFT rẹ o, àbúrò, ńṣe ni yóò tún gbé e ga sí i. DMFT, ìlànà ìṣirò tó ń jẹ́ kí òòfà máa mì, ló sún mọ́ ìdánwò. Yin, Haule àti Kotliar ní Yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà ti fi hàn ní 2011.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Láptọ́ọ̀pù mi ò lè gbé DMFT. Ṣé mo lè dá a dúró sórí DFT?

Bàbá Láàbù:
O lè ṣe bẹ́ẹ̀. Fi ẹ́nájì ìtò ìlà-ìlà wé ti èyí tí irin kọ̀ọ̀kan ti kọjú òdì sí gbogbo àwọn tó yí i ká. Wọn gíga arsenic nínú méjèèjì. Má fi 2 yẹn pamọ́, kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 0.9. Tó o bá ti rí gíga arsenic, gbé e wá síbí ká jọ wò ó.