Ìdáhùn lórí "ilé-ìwọ̀": kí ló burú nínú ilé èrò?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú ìjíròrò yìí,

Mo kí yín o. Mo ti ka ìwé tí ẹ̀gbọ́n wa tí ó wà ní Abẹ́òkúta kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú èyí tí wọ́n ti dábàá pé kí á máa pe ryokan, ilé tí àwọn ará Japan ti ń gba arìnrìn-àjò sí láti ayébáyé, ní "ilé-ìwọ̀", kí á sì máa pe irú Hoshinoya, ryokan ìgbàlódé kan tí ó wà ní ìlú Tokyo, tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ, ní "ilé-ìwọ̀ àbáláyé-ìgbàlódé". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí pé wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè yìí kí n tó mọ fáwẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ sí kọ́ńsónáǹtì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí rárá; ilé èrò, tí àwọn kan nínú yín ti ń ta kò, ni mo fara mọ́.

Ìwọ̀ tí èmi mọ̀ ni irin ṣóńṣó tí apẹja ń fi ekòló sí lẹ́nu. Bí a bá gbé e wọ inú ilé, ilé-ìwọ̀ di ilé tí wọ́n ti ń fi irin kọ́ àlejò lọ́nà ọ̀fun. (Ẹni tí ó bá ti gbọ́ iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń gbà fún òru kan ṣoṣo lè sọ pé òtítọ́ kúkú ni.) Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi "sí" kún un, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe "wọ̀", tí ẹ̀gbọ́n ti fa ìwọ̀ yọ, ti máa ń bá a rìn nínú "àlejò wọ̀ sí ọ̀dọ̀ wa", a ti já sínú ìwọ̀sí nìyẹn, kò sì sí onílé kan tí yóò kọ ìyẹn sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "ì-" yìí kan náà ló wà nínú ilé ìwòsàn, ilé ìjọsìn àti ilé ìtura. N kò bá gírámà wọn jà. Ohun tí mo ń bi wọ́n ni pé, níbo ni wọ́n gbé ibùwọ̀ sí? Ẹni tí ó ń wá ọ̀rọ̀ fún ibi tí ènìyàn ń wọ̀ sí, ṣé kò gbọ́ ibùsùn, ibùgbé, ibùdó àti ibùjókòó rí ni? "Ibù-" ni èdè wa fi ń dárúkọ ibi tí a ti ń ṣe nǹkan, ibùwọ̀ sì ti wà lẹ́nu àwọn baba wa kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó jókòó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, ibùwọ̀ gan-an kọ́ ni mo fẹ́. Ìyá mi àgbà ta aṣọ òkè ní ọjà Òjé ní Ìbàdàn títí ojú wọn fi ṣú, bí ọjà bá sì ti ku ọ̀la ni àwọn ahunṣọ láti Ìsẹ́yìn yóò ti máa dé sílé wa. Ìyá àgbà kì í pè wọ́n ní àlejò. "Ẹ gbá yàrá ìta, èrò ń bọ̀," ni wọ́n máa ń wí fún wa. Àlejò lè wá jẹun kí ó sì padà. Èrò ni ẹni tí ọ̀nà jíjìn gbé dé, tí yóò sùn, tí yóò sì tún gba ọ̀nà lọ. Òun náà ni Ifá ń kì ní "èrò Ìpo, èrò Ọ̀fà". Òun náà sì ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì mọ̀ dáadáa nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sínú Lúùkù 2:7 pé kò sí àyè fún wọn nínú ilé èrò.

Ẹ wá wo ryokan fúnra rẹ̀. "Ryo" ni ìrìn-àjò. "Kan" ni ilé ńlá, òun kan náà ló parí toshokan, tí í ṣe ilé ìkàwé. Lójú ọ̀nà Tokaido àtijọ́, tí ó so Edo, èyí tí a ń pè ní Tokyo lónìí, mọ́ Kyoto, ibùdó ìsinmi 53 ló wà fún àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn, pẹ̀lú àwọn ilé tí wọ́n ti ń jẹun tí wọ́n sì ń sùn. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá jẹ́ èrò, mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n sọ orúkọ tí wọn ì bá máa jẹ́.

Ẹnìkan kọ ọ́ pé èrò inú ọkàn yóò da ìtumọ̀ rú, nítorí pé ohùn kan náà ni wọ́n ní. Ta ni ó ti gbọ́ ilé èrò rí tí ó rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ronú? Ẹlòmíràn ní ilé èrò ń rùn bí òṣì, bí ibi tí wọ́n ti ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Èyí ni ó pa mí lẹ́rìn-ín jù, nítorí pé ẹní gan-an ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Hoshinoya, tí ó ṣílẹ̀kùn ní Otemachi ní oṣù keje ọdún 2016, láàárín àwọn ilé ìfowópamọ́ ńláńlá, ní yàrá 84. Ẹnu ọ̀nà ni àlejò ti ń bọ́ bàtà, ẹní tatami tí wọ́n fi koríko igusa hun ni ó sì ń tẹ̀ lọ títí dé inú ẹ̀rọ tí ń gbé e ròkè. Àjà kọ̀ọ̀kan ní yàrá 6 àti ochanoma kan, tí àwọn tó sùn ní àjà náà ti jọ ń mu tíì. Lókè pátápátá ni omi gbígbóná wà fún ìwẹ̀, tí wọ́n fà wá láti inú ilẹ̀ tó jìn tó 1,500 mítà (àwa tí a ní Ìkọ̀gòsì kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìyẹn). Owó ló yàtọ̀. Ìṣe inú ilé náà kò yàtọ̀ sí ti ilé èrò.

Sí àwọn tó fẹ́ kí á sọ gbogbo rẹ̀ di hòtẹ́ẹ̀lì: àwọn ará Japan náà yá ọ̀rọ̀ yẹn, "hoteru" ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n wọn kò fi pa ryokan rẹ́. Òfin wọn ti ọdún 1948 ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí oríṣi òwò méjì, ọdún 2018 ni wọ́n sì tó pa wọ́n pọ̀ lábẹ́ ìwé àṣẹ kan náà. Kódà nígbà náà, orúkọ méjèèjì ni wọ́n kọ sínú òfin. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ilé ìtura máa jẹ́ ti hòtẹ́ẹ̀lì, kí ilé èrò sì jẹ́ ti ryokan.

Ó ku "àbáláyé-ìgbàlódé". Ohun tí a bá láyé ni àbáláyé. Ilé tí wọ́n kọ́ tán ní 2016, èwo nínú wa ni kò sí láyé ṣáájú rẹ̀? Àṣà inú rẹ̀ ni a bá láyé, ilé náà kọ́. Ẹ̀gbọ́n ti fi ẹ̀yán náà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ń ṣàpèjúwe, yán ọ̀rọ̀-orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n sì wá fi àmì ìsopọ̀ dè é mọ́ ìgbàlódé bí ẹni tí ń so àgbò méjì mọ́ èèkàn kan. Àwọn tó ni ilé náà kò ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀: ryokan tí ó ga bí ilé ìṣọ́ ni wọ́n ń pè é lédè wọn. Ilé èrò gogoro. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, ọmọdé yóò sì mọ ohun tí a ń sọ láìsí ìwé atúmọ̀.

Ní ti àbúrò wa ní London, tí ó ń kọ "ìtura" inú ilé ìtura ní "ìtúra" pẹ̀lú ohùn òkè, tí ó sì fi "túra ká" gbè é lẹ́sẹ̀, pé ara ẹni tí ó bọ́ bàtà tí ó sì jókòó sórí ẹní ti túká: omi máa ń tu ni lára, kì í tú ni lára. Mo mọ̀ pé yóò tún kọ̀wé. Kí ó kọ́kọ́ lọ bi ìyá rẹ̀ léèrè bí wọ́n ṣe ń pè é.