Trout kì í ṣe àrọ̀: ọ̀rọ̀ lórí ẹja tí àbúrò wa fẹ́ sìn n'Ìjẹ̀bú

Ìyá Ìbejì (Manchester):
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Àbúrò mi ọkùnrin ní pọ́ńdù mẹ́rin ní Eriwe, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, àrọ̀ ló ń sìn níbẹ̀. Lóṣù tó kọjá ó wá kí wa níbí, mo se trout fún un. Ó jẹ ẹ́, ó wo iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ti rí iṣẹ́. Látìgbà tó ti padà délé ló ti ń pè mí pé kí n bá òun wá ẹyin rẹ̀ ránṣẹ́, pọ́ńdù méjì lòun máa yọ sílẹ̀ fún un. Èmi ò mọ̀ nípa ẹja ju kí n sè é lọ. Mo sì mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sìn ín. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí owó tó jáde.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó (Scotland):
Ẹ kú àárọ̀ mà. Èmi ni. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ trout. Ẹ má jẹ́ kí owó jáde mà. Màá sọ ìdí rẹ̀, màá sì là á débi pé tí àbúrò yín bá kà á, yóò rí ohun tó máa mú lò fún àrọ̀ rẹ̀.

Omi ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Trout tí wọ́n ń sìn jù káàkiri ayé, èyí tí wọ́n ń pè ní rainbow trout, ẹja omi tútù ni láti orísun rẹ̀. Àwọn odò tó ń ṣàn lọ sínú òkun Pàsífíìkì ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà wà lára ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Omi tó bá wà láàárín 12 sí 16°C ni ara rẹ̀ ti ń yá, ibẹ̀ ló ti ń jẹun tó sì ń tóbi. Bí omi bá ti gun 20°C, àwa níbí á ti dín oúnjẹ kù, nígbà mìíràn a ó dá a dúró pátápátá, torí ara ẹja ti ń ni í. Tó bá wá dé bíi 25°C, òkú lẹ máa kó. Omi pọ́ńdù n'Ìjẹ̀bú ńkọ́? Ẹ̀rùn ni o, òjò ni o, láàárín 25 sí 30°C ló sábà máa ń wà. Ibi tí àrọ̀ ti ń gbádùn gan-an ni trout ti ń kú.

Ohun kejì so mọ́ ìkíní. Bí omi bá ṣe ń gbóná ni agbára rẹ̀ láti di ọ́síjìn mú ń dínkù. Omi tó wà ní 10°C lè di bíi mílígíráàmù 11 mú nínú lítà kan. Tó bá dé 28°C, kò lè dì ju bíi 8 lọ, bí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí omi ṣe ń gbóná ni ọ́síjìn tí ẹja fúnra rẹ̀ nílò ń pọ̀ sí i. Ohun tó wà nílẹ̀ ń dínkù, ẹni tó fẹ́ lò ó ń béèrè sí i. Àrọ̀ ní ẹ̀yà kan lókè ibi tó fi ń mí, òun ló fi ń gba afẹ́fẹ́ lójú omi. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi lè gbé e lọ sọ́jà nínú abọ́ tí omi inú rẹ̀ kò tó nǹkan, tí yóò sì máa jà títí wọn á fi tà á. Trout kò ní irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Inú omi nìkan ló ti ń mí.

Mo rí i lójú ara mi. Lọ́dún kejì tí mo dé ẹnu iṣẹ́ yìí, òru ọjọ́ kan nígbà tí ewé ń já, èmi ni mo wà lójú iṣẹ́. Ewé kó jọ sójú àwọ̀n tí omi ń gbà wọlé láti odò, omi tó ń wọ ọ̀kan nínú àwọn gọ́tà ẹja wá di tín-ín-rín. Aago méjì ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó dára. Nígbà tí mo fi máa padà yíká débẹ̀ kò tíì pé wákàtí kan ààbọ̀, ojú omi ti funfun, ikùn ẹja ló yíjú sókè. Gbogbo ẹja inú gọ́tà yẹn ló lọ. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú iná lọ́wọ́, mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe. Látọjọ́ náà, tí ewé bá ti ń já, mi ò kí ń fi àwọ̀n sílẹ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kí n tó tún gbá a.

Ìyá Ìbejì (Manchester):
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọmọ ìyá mi. Ẹ ní gọ́tà, ṣé kì í ṣe pọ́ńdù ni wọ́n fi ń sìn ín ni? Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe ń rí ẹyin rẹ̀? Ó sọ pé òun gbọ́ pé wọ́n ń fi pósítì ránṣẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó (Scotland):
Àwọn kan ń lo pọ́ńdù amọ̀, àwọn kan ń lo àwọ̀n nínú adágún ńlá. Níbi tèmi, kọ́ńkéré gígùn ni, ó fẹ̀ bíi mítà mẹ́ta, ó gùn tó ọgbọ̀n mítà, omi ò sì jìn ju mítà kan lọ. Omi ń wọlé lójú kan, ó ń jáde lójú kejì, kì í dúró. Ẹja náà sì dojú kọ ibi tí omi ti ń bọ̀, gbogbo wọn, bí ẹni tó tò sórí ìlà.

Ní ti ẹyin: bí abo bá ti gbó, ikùn rẹ̀ á wú, á sì rọ̀. A ó fi í sínú omi tí oògùn oorun wà nínú rẹ̀ kó má baà jà, a ó nu ara rẹ̀ gbẹ, a ó wá fi ọwọ́ ra á nínú jẹ́jẹ́, láti àyà lọ sí ìrù, sínú abọ́ gbígbẹ. Ẹyin á máa yọ́ jáde bí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Abo tó wọn kílò kan lè ní ẹyin bíi 2,000. A ó gba àtọ̀ akọ lé e lórí lọ́nà kan náà, a ó pò wọ́n pọ̀ kí a tó fi omi sí i. Ẹ̀yin ẹ wo bí iṣẹ́ yẹn ṣe gba ìfarabalẹ̀ tó: bí omi bá ti kan àtọ̀, agbára rẹ̀ kì í ju bí ìṣẹ́jú kan lọ. Abọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ, ọwọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ.

Lẹ́yìn náà ni sùúrù. Ẹyin àrọ̀ n'Ìjẹ̀bú, bí ẹ bá pò ó lónìí, lọ́la ló máa pa. Ti trout, bí omi bá wà ní 10°C, ó tó nǹkan bí ọjọ́ 16 kí ojú dúdú méjì tó hàn nínú ẹyin, ó sì tó bí ọjọ́ 31 kó tó pa. Omi tó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti bí ọjọ́ kejì títí ojú á fi hàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mi àwo náà, òkùnkùn la sì fi wọ́n sí. Ìgbà tí ojú bá hàn ni ẹyin tó lè rìnrìn àjò. Òótọ́ ni àbúrò yín sọ, wọ́n ń kó o sínú àpótí pẹ̀lú yìnyín, wọ́n sì ń fi bàálù gbé e kọjá òkun. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ìlera ẹja ní láti bá a lọ, orílẹ̀-èdè tó ń gbà á wọlé sì ní láti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀, torí àrùn ẹja máa ń bá ẹyin àti omi rìn. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kì sínú báàgì.

Bí wọ́n bá pa, àpò oúnjẹ ṣì wà lábẹ́ ikùn wọn, òun ni wọ́n ń jẹ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà wọ́n á máa gbéra wá sókè omi, ìgbà yẹn la ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n oúnjẹ kíkúnná fún wọn díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Mo fẹ́ràn ọ̀sẹ̀ yẹn ju gbogbo ìyókù lọ.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ (Idaho, Amẹ́ríkà):
Mo kí gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n ti sọ òtítọ́. Kí n fi ti ọ̀dọ̀ wa kún un. Ìpínlẹ̀ Idaho yìí ni ọ̀pọ̀ trout tí wọ́n ń sìn fún jíjẹ ní Amẹ́ríkà ti ń wá, ìdí kan ṣoṣo sì ni: omi. Ní àfonífojì Hagerman, omi ń tú jáde láti inú àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Snake, bíi 15°C ló wà látọdún dé ọdún. Yìnyín lè bo ilẹ̀ lókè, oòrùn lè máa jó ilẹ̀, omi yẹn ò yí padà. Wọ́n kọ́ àwọn gọ́tà ẹja bí àtẹ̀gùn, omi ń já láti èyí tó wà lókè bọ́ sí èyí tó wà nísàlẹ̀, bó ṣe ń já ló ń kó afẹ́fẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Òkè ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ nínú ẹ̀ka yìí, kó mọ̀ pé College of Southern Idaho ní Twin Falls ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹja sísìn. Ní ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ ní Scotland, Yunifásítì Stirling ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún un.

Àbúrò Ìyá Ìbejì (Eriwe):
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Àǹtí mi ló fà mí wọlé síbí. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, omi kànga-ẹ̀rọ ńkọ́? Tí mo bá gbẹ́ ẹ jìn dáadáa, ṣé kò ní tutù? Àbí kí n máa da yìnyín sí i?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó (Scotland):
Káàbọ̀, àbúrò. Ìbéèrè tó dára ni. Omi abẹ́ ilẹ̀ sábà máa ń mú ìwọ̀n ooru tó jẹ́ àárín gbùngbùn ti ọdún ní àdúgbò rẹ̀. Nítorí náà ti Scotland níbí wà ní bíi 8 tàbí 9°C, ti Ìjẹ̀bú á sì wà ní bíi 26 tàbí 27. Gbígbẹ́ jìn kì í mú un tutù, ńṣe ni ilẹ̀ ń gbóná sí i béèyàn bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Yìnyín ńkọ́? Trout ń fẹ́ kí omi máa ṣàn wọlé, kó máa ṣàn jáde láìdáwọ́ dúró. Omi tí o bá fi yìnyín mú tutù, láìpẹ́ yóò ti jáde lọ. Owó iná á jẹ èrè, á sì jẹ olówó. Ní Kẹ́ńyà wọ́n ń sìn ín, ṣùgbọ́n ní àwọn odò òkè bí ti àyíká Òkè Kẹ́ńyà ni, níbi tí gíga ilẹ̀ ti mú omi tutù.

Ní ti iye tó o rí ní ṣọ́ọ̀bù: ó lè gbà tó ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ níbí kí trout tó tó tà. Àrọ̀ rẹ ń tó tà láàárín oṣù mẹ́fà.

Ohun tí màá fẹ́ kí o mú lára iṣẹ́ wa nìyí. A kì í fi ojú díwọ̀n oúnjẹ. A ń wọn díẹ̀ nínú ẹja, a ń ṣírò iye kílò tó wà nínú omi, a ń wo ìwọ̀n ooru omi láàárọ̀, àwọn méjèèjì ló ń sọ iye oúnjẹ ọjọ́ náà. Nítorí bẹ́ẹ̀ la fi ń fi oúnjẹ tó lé díẹ̀ ní kílò kan gba kílò ẹja kan. Sọ́ọ̀tì, ìyẹn yíya ẹja ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré ńkọ́, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń ṣe é, torí àrọ̀ ń jẹ ara wọn ju trout lọ. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó tún un ṣe. Bí a bá fẹ́ kó ẹja lọ síbòmíràn, a kì í fún wọn lóúnjẹ fún ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, kí wọ́n má baà ba omi inú táńkì jẹ́ lójú ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n Ìlíṣàn (Jámánì):
Èmi ò mọ ti pọ́ńdù, ti ìkòkò ni mo mọ̀. Trout rọ̀ jù fún ìkọ́kọrẹ́ bí ẹ bá gbé e síbẹ̀ ní tútù, yóò fọ́ sínú ewùrà. Ẹ fi èéfín gbẹ ẹ́ dáadáa ná, kí ẹ sì fi í sí i nígbà tí ewùrà bá ti ń jinná tán. Àwọn ọmọ mi tí wọ́n bí síbí béèrè ìdí tí ẹran ara rẹ̀ fi pupa, bóyá wọ́n kùn ún ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó (Scotland):
Wọn ò kùn ún, mà. Astaxanthin, èròjà aláwọ̀ pupa kan tó wà nínú oúnjẹ rẹ̀ ni, òun náà ló wà lára edé àti àwọn kòkòrò omi tí ẹja inú odò ń jẹ. Bí oúnjẹ kò bá ní i, ẹran ara á funfun.

Ìyá Ìbejì (Manchester):
Ó ti yé mi. Ẹyin kọ́ ni màá rà. Ẹ̀rọ wo lẹ fi ń wọn ọ́síjìn inú omi yẹn? Ẹ̀gbọ́n wa kan ń lọ sílé fún Ojúdé Ọba, màá fi rán an.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó (Scotland):
Màá kọ ọ́ sí yín ní kọ̀rọ̀, mà. Èyí tó ń wọn ooru àti ọ́síjìn pọ̀ ni kí ẹ rà, kí okùn rẹ̀ gùn tó mítà mẹ́ta. Àbúrò, tó bá dé, kí oòrùn tó yọ ni kí o ti máa wọn omi. Ọ̀sán ni ewéko inú omi ń ṣe ọ́síjìn, lóru wọ́n á máa lò ó bí ẹja ṣe ń lò ó, nítorí náà ìdájí ló máa ń kéré jù.

Àbúrò Ìyá Ìbejì (Eriwe):
Ẹ̀rọ ti dé ọwọ́ mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Aago mẹ́fà kù díẹ̀ ní àárọ̀ yìí, 26°C ni gbogbo rẹ̀. Ọ́síjìn, ní mílígíráàmù nínú lítà kan: pọ́ńdù kìíní 4.1, ìkejì 3.8, ìkẹta 1.2, ìkẹrin 4.0. Ìkẹta yẹn ni wọn kì í jẹun tán nínú rẹ̀ láàárọ̀, mo ti pààrọ̀ oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì torí rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó (Scotland):
Oúnjẹ kọ́ ló fà á, ọ́síjìn ìkẹta ló kéré jù. Dá oúnjẹ náà padà sí ti tẹ́lẹ̀. Omi ìkẹta ni kí o ṣí lónìí kí omi tuntun lè wọlé, má fún wọn ní nǹkan kan ṣáájú aago mẹ́wàá, kí o sì tún wọn ọ́n fún mi lọ́la ní àsìkò kan náà.