Fírẹ́ṣínà, ikọ́ ọmọ àti aṣọ ìkókó: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìkókó, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ní ikọ́ kan tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Bí bàbá rẹ̀ bá ti fín fírẹ́ṣínà sí pálọ̀ báyìí, ikọ́ dé nìyẹn, àyà rẹ̀ á sì máa dún bíi pé ológbò ń sùn síbẹ̀. Ọkọ mi ní eruku ni, kò kan fírẹ́ṣínà. Èmi náà fẹ́ràn kí ilé máa ta sánsán, mi ò ní purọ́. Ọṣẹ tí mo fi ń nulẹ̀ olóòórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ni, omi tí mo ń da sí aṣọ lẹ́yìn fífọ̀ tún ní òórùn tiẹ̀. Ṣé kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù ni? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mi ò fẹ́ kí ti ìkókó náà tún bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ò ní wàhálà ní tiẹ̀, ìyá ọkọ mi ń kó èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò bọ̀. Inú àpótí wọn ló wà pẹ̀lú káńfọ̀, kòkòrò ò fọwọ́ kàn án.

Tísà Ìkẹ́nnẹ́:
Ikọ́ fée ń bá èmi fúnra mi jà, nítorí náà mo mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ohun tí wọ́n bá fín máa ń kúnná gan-an, ó ń wọ inú ihò èémí lọ. Àyà tó ti há tẹ́lẹ̀ kì í gbà á. Kì í ṣe fírẹ́ṣínà nìkan o: tùràrí, kọ́ìlì ẹ̀fọn, pọ́fíìmù, bákan náà ni. Tí ẹ bá yẹ ara agolo wò, “fragrance” tàbí “parfum” lẹ máa rí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bo ọ̀pọ̀ kẹ́míkà mọ́lẹ̀. Ẹ dá gbogbo rẹ̀ dúró ná, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dá ikọ́ padà, ẹ ti mọ ọ̀tá yín. Ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́ àyà ọmọ náà pẹ̀lú, ohun tó ń dún yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo.

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù:
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ fírẹ́ṣínà, ẹ ò rí káńfọ̀! Ìyá Ìkókó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ aṣọ yẹn fún ọmọ. Naphthalene, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń lé kòkòrò, ni ọ̀pọ̀ káńfọ̀ roboto funfun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, G6PD lorúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ nílẹ̀ wa ni kò ní i tó, àwọn ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó bá fa òórùn káńfọ̀, tàbí tí aṣọ rẹ̀ ń kan án lára, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ á máa fọ́. Ojú rẹ̀ á pọ́n bí èyí tí a ń pè ní ibà pọ́njú. Tó bá pọ̀ jù, ó ń dé ọpọlọ, ó lè sọ ọmọ di adití tàbí kó pa á.

Màmá Àgbà, Àgọ́-Ìwòyè:
Ẹ gbọ́ mi, àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Káńfọ̀ la fi tọ́ gbogbo yín. Ta ló kú nínú yín?

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù:
Ẹ kú ìkàlẹ̀, Mà. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn pé ni kò ṣe nǹkan kan. Àwọn tí kò pé, ibà ni wọ́n ní ó pa wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò bi káńfọ̀ léèrè.

Ìyá Aláṣọ, Òkè-Àjẹ:
Mo ń ta aṣọ ìkókó. Àwọn oníbàárà mi kan máa ń ra káńfọ̀ inú ọ̀rá kékeré tí kò ní àkọlé kankan lára, ẹlòmíì tún ń da oògùn kòkòrò sáàárín aṣọ. Dichlorvos, tí NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ lọ́dún 2019, mo ti rí ẹni tó fi í sínú àpótí aṣọ! Kí ẹ fọ aṣọ, kí ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá dì í mọ́ inú ọ̀rá tó lẹ̀ pọ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ òkè Ojúde Ọba ni kẹ́ ẹ sá síbi òjìji, oòrùn á ṣí i. Ìyẹn náà, ẹ má gbé e sún mọ́ ìkókó títí òórùn á fi kúrò lára rẹ̀. Mo mọ bí àwọn ìyá àgbà ṣe ń fi ìró regbéregbé, aṣọ ẹgbẹ́ wọn, gbọ́mọ pọ̀n.

Ìyá Ìkókó, Ìjẹ̀bú-Òde:
Yéè! Ẹ ṣeun o. Tí mo bá fọ aṣọ náà ńkọ́, ṣé kò ní lọ? Ọkùnrin sì ni ìkókó yìí.

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù:
Fífọ̀ nìkan kì í tó. Bó bá ṣì ń rùn lẹ́yìn fífọ̀ àti sísá, káńfọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀, ẹ wá òmíràn. Róòbù náà, ẹ má fi pa á. Tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, tí kò fẹ́ mu ọmú, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi omi tíì, ẹ má dúró máa sá ọmọ sóòrùn àárọ̀. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, ẹ sì ní kí wọ́n yẹ G6PD rẹ̀ wò.

Ìyá Ìkókó, Ìjẹ̀bú-Òde:
Mo gbọ́. Ọ̀la ni ìyá ọkọ mi ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù yẹn, ojú ń tì mí láti dá a padà.

Tísà Ìkẹ́nnẹ́:
Ẹ pè wọ́n lálẹ́ yìí, kí wọ́n tó dì í. Ẹ ní dókítà ló sọ pé ọmọ ò gbọdọ̀ gbóòórùn káńfọ̀. Wọn ò ní bá dókítà jà. Kí wọ́n kó ẹ̀bà àti ìkọ́kọrẹ́ dání dípò aṣọ.

Màmá Àgbà, Àgọ́-Ìwòyè:
Ìkọ́kọrẹ́ ni kí wọ́n gbé wá. Mo ti ń tú àpótí tèmi náà báyìí, káńfọ̀ inú rẹ̀ ti di èérún.